Eré 34 nínú ilé, 25 lójú títì: èwo ni ká gbà gbọ́?

Kẹ̀kẹ́Ọba-Ilé kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Mountain bike oní-26 ni kẹ̀kẹ́ mi, táyà 1.95 oní-kókó ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé wíìlì ẹ̀yìn sórí trainer oní-mágnẹ́ẹ̀tì (irin tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lé kí èèyàn lè gùn ún lójú kan nínú ilé), irú èyí tí róólà rẹ̀ máa ń fara ti táyà. Sẹ́ńsọ̀ eré wà ní họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, áàpù orí fóònù ló ń ti inú eré yẹn ṣírò wáàtì, ìyẹn agbára tí ẹsẹ̀ ń lò. Nínú ilé, áàpù á ní 34 km/h, wáàtì 190. Bí mo bá gbé kẹ̀kẹ́ kan náà jáde sí títì pápákọ̀ òfurufú, tí mo ń mí bí mo ṣe ń mí nínú ilé, GPS fóònù kì í kọjá 25.

72 kg ni mo wọ̀n, kẹ̀kẹ́ jẹ́ 13. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo sì lè mọ wáàtì mi lóde láìra power meter, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ lára kẹ̀kẹ́? Owó rẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe_Arákàlẹ̀ kọ:

Ìwọ̀n wíìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú áàpù. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbé 2096 mm kalẹ̀ fúnra wọn, ìyẹn ti táyà 700x23. Ti 26x1.95 yín ò ju nǹkan bíi 2050 lọ. Ohun tó ń fi kún eré yín nìyẹn. Ẹ yí i padà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó dájú, ẹ má gbára lé àtẹ tó wà nínú ìwé. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà níbi tó ti kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì sí ilẹ̀ náà. Ẹ jókòó lé kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan dì yín mú, kẹ́ ẹ rọra yí i síwájú ní ìlà tó tọ́ títí àmì táyà á fi padà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ fi téèpù wọn gbogbo ọ̀nà náà, kẹ́ ẹ pín in sí márùn-ún. Bí ẹ kò bá jókòó lé e, táyà ò ní tẹ̀, iye tẹ́ ẹ máa rí á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

FUTA_Físíìsì kọ:

Ọ̀gá Arákàlẹ̀, ọ̀nà ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ yìí péye, kí gbogbo èèyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá eléyìí sílẹ̀. Láti 2096 sí 2050, ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 2.2%. 34 á di 33.3. A ṣì jìnnà sí 25.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kẹ̀kẹ́ oníbèérè gan-an. Òun àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ 85 kg. Ẹni tó jókòó ṣánṣán lórí mountain bike, CdA rẹ̀ (bí ara rẹ̀ ṣe ń dí atẹ́gùn tó) máa ń wà ní àyíká 0.5. Táyà oní-kókó lórí títì tí kò dán, Crr rẹ̀ (bí yíyí táyà lórí ilẹ̀ ṣe ń fa èèyàn sẹ́yìn tó) súnmọ́ 0.010. Àkúrẹ́ ga tó nǹkan bíi mítà 350 sí ojú òkun. Bí ooru bá tó 30°C, afẹ́fẹ́ ibí á fúyẹ́ díẹ̀, ká pè é ní 1.12 kg nínú mítà kúbíìkì kan. Ká gbà pé ṣéènì ń jẹ 3%. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí atẹ́gùn ò fẹ́, ohun tí ẹsẹ̀ máa san nìyí:

20 km/h: wáàtì 97
25 km/h: wáàtì 156
30 km/h: wáàtì 239
34 km/h: wáàtì 324

Ẹ wo bó ṣe ń fò sókè. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn ń gbà lọ́wọ́ èèyàn á di ìlọ́po mẹ́jọ. Nínú ilé, kò sí atẹ́gùn tẹ́ ẹ ń là kọjá, torí ẹ ò kúrò lójú kan. 34 yẹn kàn jẹ́ bí wíìlì ẹ̀yìn ṣe ń yí tó lórí róólà. Òótọ́ ni pé ó ń yí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ eré tẹ́ ẹ máa sá lóde, torí wáàtì 324 ni 34 máa gbà lọ́wọ́ yín lójú títì.

Wáàtì nìkan lẹ lè fi wé wáàtì. 190 tí áàpù kọ àti nǹkan bí 156 tó yẹ kó wà lójú títì, àlàfo àárín wọn ló yẹ ká wádìí. Ẹ gbàgbé àlàfo inú eré.

Ọmọ_Ẹkímọ̀gún kọ:

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n FUTA, àmọ́ 190 yẹn gan-an ni n kò gbà. Áàpù ò wọn agbára kankan. Ó ń wo eré wíìlì, á wá lọ wo àtẹ tí wọ́n ṣe fún irú trainer yẹn: eré báyìí, wáàtì báyìí. Bí ohun kan bá yàtọ̀ sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àtẹ, iye tó kọ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lífà lẹ máa kọ́kọ́ wò. Trainer oní-mágnẹ́ẹ̀tì máa ń ní ipele 1 dé 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtẹ inú áàpù sì wà fún ipele kan péré. Bí áàpù bá ń retí 3, tí lífà wà ní 2, wíìlì á máa fi agbára díẹ̀ yára, áàpù á sì máa ka wáàtì tẹ́ ẹ ò ní.

Lẹ́yìn rẹ̀, bí róólà ṣe fún mọ́ táyà. Ẹ di róólà mú kó má yí, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì yí wíìlì lójijì. Bí táyà bá yọ̀ lórí róólà, kò tíì fún tó. Táyà tó ń yọ̀ á máa yára ju róólà lọ, sẹ́ńsọ̀ tó wà ní họ́ọ̀bù á kà á sí eré, áàpù á sọ ọ́ di wáàtì. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù bẹ́ ẹ bá dìde lórí pẹ́dàlì tàbí bí òógùn bá kán sórí táyà.

Afẹ́fẹ́ táyà ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì. Bí táyà bá rọ̀, róólà á wọnú rẹ̀, ẹsẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ ju ohun tí áàpù kọ lọ. Ẹ mú iye PSI kan tó wà láàárín èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, kẹ́ ẹ fi gẹ́ẹ̀jì wò ó ní gbogbo ìgbà kẹ́ ẹ tó gùn. Ìka ọwọ́ kì í ṣe gẹ́ẹ̀jì.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mú gbogbo rẹ̀ gbóná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye sílẹ̀. Bí irin inú trainer bá ti gbóná, mágnẹ́ẹ̀tì kì í fà á tó ti àkọ́kọ́, eré kan náà á wá rọrùn sí i.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe_Arákàlẹ̀ kọ:

Mo gbà nípa ti 2.2%, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kókó táyà yẹn. Táyà oní-kókó ò yẹ kó wà lórí róólà rárá. Àwọn kókó ń tẹ̀, wọ́n ń padà, ariwo rẹ̀ á gba ilé kan, táyà á gbóná, á máa bó bí èrúnrún dúdú sílẹ̀, iye tó ń kọ á sì máa mì. Táyà dídán oní-26 wà, 1.5 dára. Bẹ́ ẹ bá ní wíìlì ẹ̀yìn kejì nílé, ẹ fi táyà dídán sínú rẹ̀, kí ó jẹ́ ti trainer nìkan. Àmọ́ o, ìwọ̀n táyà yẹn yàtọ̀, ẹ tún un wọ̀n pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ yí i padà nínú áàpù.

ÌyáÌbejì_Ìjàpò kọ:

Àbúrò, bẹ́ ẹ ṣe fi mímí ṣe òṣùwọ̀n lèmi fẹ́ bá yín sọ. Mímí nínú ilé àti mímí lóde kò dọ́gba. Lóde, eré tẹ́ ẹ ń sá ló ń fẹ́ yín. Nínú yàrá, ooru ń kó jọ sára, òógùn ń kán láìgbẹ, ọkàn á máa lù kíákíá sí i bí àkókò ti ń lọ, bí wáàtì ò tilẹ̀ yí padà. Nítorí náà, bí mímí bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wáàtì tòótọ́ yín nínú ilé kéré sí ti ojú títì. A jẹ́ pé àṣìṣe 190 yẹn tún ju bí ẹ̀gbọ́n FUTA ṣe rò ó lọ.

Ẹ gbé féẹ̀nì onídùúró síwájú kó dojú kọ àyà, ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn kí ooru rí ọ̀nà jáde. Bẹ́ ẹ bá rí féẹ̀nì kejì, kó wá láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á mú iná lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: trainer oní-mágnẹ́ẹ̀tì ò nílò iná, àmọ́ féẹ̀nì nílò rẹ̀, torí náà ẹ ra èyí tó ní batìrì nínú. Ìdánwò tí féẹ̀nì bá kú láàárín rẹ̀, ẹ má fi wé èyíkéyìí. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì máa kọ ìwọ̀n ooru yàrá sí ẹ̀gbẹ́ wáàtì. Iye àárọ̀ ọyẹ́ àti iye ọ̀sán oṣù kẹta kò ní bára mu láé.

Kẹ̀kẹ́Ọba-Ilé kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìwé trainer mi ò sọ ipele kankan. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí áàpù ń retí?

Ọmọ_Ẹkímọ̀gún kọ:

Ẹ wá orúkọ trainer yín gangan nínú àtòkọ tó wà nínú áàpù. Bó bá wà níbẹ̀, áàpù fúnra rẹ̀ máa ń kọ ipele tẹ́ ẹ máa fi lífà sí. Bí kò bá sí, tó jẹ́ pé “trainer mìíràn” lẹ yàn, iye wáàtì yẹn kò ju àfojúbù lọ. Ẹ fi lífà sójú kan, ẹ fi téèpù alẹ̀mọ́ dì í kó má bàa sún, kẹ́ ẹ kàn máa fi iye òní wé ti àná.

Eré náà, ẹ pa á rẹ́ lójú áàpù. Kò ní ìwúlò kankan nínú ilé.

FUTA_Físíìsì kọ:

Ẹ má pa á rẹ́ o. Lórí trainer tí àtẹ rẹ̀ ò sí nínú áàpù, eré wíìlì nìkan ni ohun tí sẹ́ńsọ̀ wọ̀n ní tòótọ́. Bí ipele, PSI àti róólà bá wà bákan náà, tí eré fún ogún ìṣẹ́jú gòkè láti 31 sí 32, agbára ti gòkè nìyẹn. Orí smart trainer (èyí tó ń yí líle ara rẹ̀ padà fúnra rẹ̀) tó bá wà ní ìlànà ERG ni eré ti di òfo, torí wáàtì ni trainer dì mú. Ẹ yí gíà sí èyí tó tóbi, eré á ga, wáàtì ò ní sún. Eré inú àwọn áàpù eré-ìdárayá bíi Zwift náà yàtọ̀: wáàtì, ìwọ̀n ara, gíga yín àti bí ọ̀nà inú àwòrán ṣe rí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù nínú áàpù á máa fò lókè bí ẹyẹ, wáàtì rẹ̀ ò sì yí.

Òkè_Ìdànrè kọ:

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè kejì. Ẹ lè mọ wáàtì lóde láìra nǹkan kan: ẹ gun òkè. Lórí òkè, ẹ ò sáré, atẹ́gùn ò rí nǹkan gbà, ìwọ̀n yín ni ẹsẹ̀ ń gbé sókè. Ìwọ̀n kò sì ní àbùmọ́.

Ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ (kg) × 9.81 × gíga (mítà) ÷ àkókò (ìṣẹ́jú-àáyá).

Ká ní òkè kan gùn ní mítà 800, ó sì ga ní 40, ìyẹn 5%. Ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ 85 kg gùn ún ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 240 ìṣẹ́jú-àáyá. 85 × 9.81 × 40 ÷ 240 jẹ́ 139. Eré yín níbẹ̀ jẹ́ 12 km/h. Ẹ fi 28 kún un fún táyà, 10 fún atẹ́gùn, kẹ́ ẹ wá fi ti ṣéènì lé e: nǹkan bíi 183.

Ọ̀nà Ìdànrè ò fi òkè dùn wá. Ẹ yan èyí tó ń gòkè léraléra láìsí ibi tó rọ̀ láàárín, tí kò ní kòtò tàbí ìdènà-eré tó máa mú yín tẹ bírékì. Ẹ fi òpó iná tàbí àmì ojú ọ̀nà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ má sáré wọ ìdí òkè, torí eré tẹ́ ẹ kó wá á bá yín gun mítà díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Eré tẹ́ ẹ máa fi dé orí òkè ni kẹ́ ẹ fi wọ̀ ọ́. Ẹ wọn ara yín pẹ̀lú bàtà, ìbòrí, fóònù àti omi. Lítà omi kan, kg kan.

Bí ọkọ̀ àjàgbé bá kọjá, ẹ má sá tẹ̀lé ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ á fà yín, ìdánwò á bàjẹ́, ẹ̀mí sì wà nínú ewu.

FUTA_Físíìsì kọ:

Èyí ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Àtúnṣe kan péré: gíga òkè. Ẹ má gba ti GPS fóònù. Ó lè fi mítà mẹ́wàá ṣìnà lókè tàbí nísàlẹ̀ láìsọ fún yín, mítà mẹ́wàá nínú 40 sì jẹ́ 25%. 139 yẹn lè di 174 tàbí 104. Àwòrán ilẹ̀ tó ní ìlà gíga ni kẹ́ ẹ lò, tàbí fóònù tó ní bàrómítà. Tó bá jẹ́ ti bàrómítà, ẹ kà á ní ìsàlẹ̀, ẹ kà á lókè, kẹ́ ẹ tún padà kà á ní ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ méjèèjì ò bá bára mu, ojú ọjọ́ ti yí. Ẹ dúró kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Wáàtì tí Strava (áàpù tó ń kọ ìrìn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀) ń méfò fún ẹni tí kò ní power meter, orí òkè náà ló ti ṣeé gbọ́ díẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò mọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ tàbí pé ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì.

Kẹ̀kẹ́Ọba-Ilé kọ:

Ó yé mi. Àmọ́ lórí títì tó tẹ́jú, bí mo bá lọ tí mo sì bọ̀ lórí ọ̀nà kan náà, ṣé atẹ́gùn ò ní pa ara rẹ̀ rẹ́? Ká ní mo lọ ní 20, mo bọ̀ ní 30, ṣé mo lè sọ pé 25 ni mo sá?

FUTA_Físíìsì kọ:

Rárá, lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, ká ní ọ̀nà náà jẹ́ 10 km. Lílọ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àbọ̀ gba ogún. 20 km nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú jẹ́ 24 km/h. Gbogbo ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi gbogbo àkókò pín, ẹ má kó eré méjì jọ kẹ́ ẹ pín in sí méjì.

Èkejì, atẹ́gùn kì í dá gbogbo ohun tó gbà padà. Bẹ́ ẹ bá ń sá 25 tí atẹ́gùn 10 km/h ń fẹ́ lù yín lójú, ó ń gba nǹkan bíi wáàtì 90 kún ti àtẹ̀yìnwá. Bó bá ń ti yín lẹ́yìn ní eré kan náà, 60 péré ló ń dá padà. Ọjọ́ tí ewé igi ò mì ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ẹ tún wo “auto-pause” nínú áàpù. Bó bá wà ní títàn, ó ń yọ àkókò tẹ́ ẹ dúró ní oríta kúrò, eré á ga ju bó ṣe rí. Lórí òkè tó ga gan-an, ó tilẹ̀ lè rò pé ẹ ti dúró. Ẹ pa á fún ìdánwò.

Ọmọ_Ẹkímọ̀gún kọ:

Fún àwọn tó bá ń fojú sí power meter lọ́jọ́ iwájú. Irin kíránkì tàbí pẹ́dàlì máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ò lè rí i. Wáyà tíńtín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin náà ló ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí wáyà kà àti bí kíránkì ṣe ń yí ni ó ń sọ di wáàtì. Irú èyí ni Ulrich Schoberer fi bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ SRM ní Jámánì ní 1986.

Olówó pọ́ọ́kú ni ti ẹsẹ̀ òsì nìkan: ó ń ka òsì, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí òsì yín bá ń ṣe 47% nínú wáàtì 200, 188 lẹ máa rí. Kò burú tẹ́ ẹ bá ń fi ara yín wé ara yín, àmọ́ ẹ má fi wé ti ọ̀rẹ́ yín.

Ti pẹ́dàlì, ẹ gbọ́dọ̀ sọ gígùn kíránkì fún un. Ẹ̀yìn apá kíránkì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí: 170, 172.5, 175. Bẹ́ ẹ bá kọ 175 fún kíránkì 170, wáàtì á fi 2.9% pọ̀ jù. Fún bàtà lásán lórí pẹ́dàlì fẹrẹgẹdẹ, ti apá kíránkì ló bá a mu.

Kẹ́ ẹ tó gùn, ẹ da òdo rẹ̀ padà bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ìyẹn ni pé kó máa ka òdo nígbà tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tútù kẹ́ ẹ tó gbé e jáde sínú oòrùn. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí irin bá ooru ibẹ̀ mu, kẹ́ ẹ tó da òdo rẹ̀ padà.

Bí kíránkì bá ní 200 tí smart trainer tó gba ṣéènì tààrà ní 194, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ṣéènì ló jẹ mẹ́fà tó kù.

ÌyáÌbejì_Ìjàpò kọ:

Kí n fi ọ̀kan kún un. Lóde, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ pẹ́dàlì, ẹ ń dúró de màálù kó kọjá, gbogbo rẹ̀ ń wọlé bí òdo sínú ìpíndọ́gba wáàtì. Nínú ilé, ẹsẹ̀ kì í sinmi. Nítorí náà 150 nínú ilé àti 130 lóde lè jẹ́ iṣẹ́ kan náà fún ara. Bí áàpù bá ní “normalized power”, òun ni kẹ́ ẹ fi wéra: ó ń fún àwọn ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi ní ìwúwo tó pọ̀. Tó bá jẹ́ ìdánwò ogún ìṣẹ́jú fún FTP (wáàtì tó ga jù tẹ́ ẹ lè dì mú fún nǹkan bíi wákàtí kan), wáàtì ìpíndọ́gba rẹ̀ × 0.95, ẹ ṣe ti inú ilé lọ́tọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi kálukú darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe_Arákàlẹ̀ kọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo sẹ́ńsọ̀ oní-mágnẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n dè mọ́ fọ́ọ̀kì: kò ní kà lórí trainer, torí wíìlì iwájú ò yí. Ẹ gbé e sẹ́yìn. Àlàfo láàárín mágnẹ́ẹ̀tì orí sípóòkù àti sẹ́ńsọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílímítà 3 sí 5 lọ.

Bí eré bá ń já sí òdo lójijì tó sì ń padà, batìrì CR2032 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ẹ gbé mítà iná lé e: tuntun tó dára á ka 3.0 fólìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá ti ń ka 2.7 látinú páálí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.